Bí Mo Ṣe Ń Wo Àwọn Ọ̀dọ́ Oníbésì Kejì Láti Àkúrẹ́

Lọ́dọọdún, kí sáà bésíbọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò àwọn ọ̀dọ́ eléré a máa gbé àtòjọ orúkọ jáde fún ipò kọ̀ọ̀kan lórí pápá: àwọn mẹ́wàá tí wọ́n gbà pé wọ́n ní ẹ̀bùn jù lọ láti gòkè kúrò ní líìgì kékeré bọ́ sí líìgì àgbà. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń kà, ṣùgbọ́n ti bésì kejì ni mo máa ń fara balẹ̀ kà jù, nítorí pé òun ló tètè máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí yóò máa ṣọ́ bésì kejì nínú líìgì àgbà lọ́jọ́ iwájú kò sí nínú àtòjọ yẹn rárá. Abẹ́ shortstop, ìyẹn ipò tó wà ní òdìkejì bésì kejì, ni orúkọ wọn wà lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ yóò parí sí ipò mìíràn, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ dé òkè. Ẹni tó bá fẹ́ dá ojúlówó oníbésì kejì mọ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ipò tí wọ́n kọ sí iwájú orúkọ ọmọ náà. Ohun méjì ni èmi máa ń wò ṣáájú ohun gbogbo: ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ nílẹ̀, àti ojú rẹ̀ nígbà tí ó bá di ọ̀pá mú.

Fún àwọn tí eré yìí ṣì ṣàjèjì sí, n ó ṣàlàyé ní ṣókí. Bésì mẹ́rin ló wà ní igun mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà 90 sì ni ó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ìyẹn nǹkan bíi mítà 27. Ajubọ́ọ̀lù dúró láàárín, ó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di ọ̀pá mú. Bí ẹni náà bá gbá a, yóò sá lọ sí bésì kìíní, àwọn tó wà lórí pápá yóò sì sapá láti mú bọ́ọ̀lù náà kí wọ́n sì jù ú síbẹ̀ kí ó tó dé, kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò. Oníbésì kejì kì í dúró lórí bésì rẹ̀ gan-an. Àárín bésì kìíní àti ìkejì ló máa ń dúró sí, shortstop sì máa ń dúró sí òdìkejì, láàárín ìkejì àti ìkẹta. Ní ti líìgì kékeré, láti ọdún 2021 ni wọ́n ti tún un tò sí ipele mẹ́rin, èyí tí í ṣe Single-A, High-A, Double-A àti Triple-A, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú 30 tó wà ní líìgì àgbà sì ní ikọ̀ kan ní ipele kọ̀ọ̀kan; àpapọ̀ wọn jẹ́ 120. Lábẹ́ ìwọ̀nyí ni líìgì àwọn ọmọ tuntun wà ní Arizona, ní Florida àti ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic.

Apá ló fà á tí àtòjọ bésì kejì fi rí bẹ́ẹ̀. Láti ibi tí shortstop ń dúró sí dé bésì kìíní jìnnà, nítorí náà ẹni tó bá wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní apá tó le, tí yóò ju bọ́ọ̀lù já gbogbo pápá láìjẹ́ pé ó rọ̀ lójú ọ̀nà. Láti ọ̀dọ̀ oníbésì kejì sí bésì kìíní kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ní ẹsẹ̀ àti ọwọ́ shortstop, ṣùgbọ́n tí apá rẹ̀ kò ju ti gbogbo ènìyàn lọ, bésì kejì ni wọ́n máa ń gbé e sí, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò jẹ́ kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Shortstop ni Dustin Pedroia ní yunifásítì Arizona State kí Boston tó mú un ní ìpele kejì ètò ìyàn eléré ọdún 2004, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ eléré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Shortstop ni Marcus Semien fún ọdún púpọ̀ nínú líìgì àgbà pàápàá, kí ó tó bọ́ sí bésì kejì fún Toronto ní 2021, níbi tí ó ti gbá home run (bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri pápá) 45, iye tí oníbésì kejì kankan kò tíì gbá rí ní sáà kan.

Èyí ni ó mú kí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ń pe ọmọ ọdún méjìdínlógún ní oníbésì kejì, bí ìdájọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń rí. Ohun tí àwọn olùṣàwárí ń sọ lábẹ́ rẹ̀ ni pé ibi tó kéré jù tí ọmọ yìí lè dé ti hàn sí wọn, wọn kò sì rí ọ̀nà tí yóò gbà kúrò níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ọmọdé ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọmọ tí kò bá rí ipò mú ní iwájú ni wọ́n sábà máa ń rọ́ sẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, bí ẹni pé ìyókù ni ipò náà wà fún, nígbà tó sì jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti ń ná owó gọbọi lé ẹni tó mọ ipò yẹn lórí. Èmi kò fara mọ́ ọn pé bésì kejì jẹ́ àkìtàn àwọn shortstop tí apá wọn kò tó. Ipò kan tí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ ni, iṣẹ́ náà sì ti le sí i láti ọdún 2023.

Kí n tó dé orí ìyẹn, ó yẹ kí n sọ bí ènìyàn ṣe lè wo àwọn ọmọ wọ̀nyí láti Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, nítorí pé ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Orí fóònù ni. Ní àsìkò eré wọn, wákàtí márùn-ún ni a fi ṣáájú àwọn ìlú ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, nítorí náà eré tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́ níbẹ̀, aago méjìlá òru ni ní Ìjàpọ̀ níbí. Ti àwọn ìlú ìwọ̀-oòrùn, bíi Tacoma tàbí Sacramento, aago mẹ́ta òru ni. Àmọ́ àwọn ikọ̀ líìgì kékeré a máa ṣe eré òwúrọ̀ nígbà mìíràn nítorí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń kó wá wòran, èyí tó bá sì bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ lọ́hùn-ún á bọ́ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ wa. Eré wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ràn jù, pàápàá nínú òjò oṣù kẹfà àti ìkeje, nígbà tí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì kì í dúró lóru.

Ohun mìíràn tó ṣe mí láǹfààní ni bí wọ́n ṣe ṣètò eré. Láti 2021, ikọ̀ méjì a máa bá ara wọn ṣeré láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n á sì sinmi ní ọjọ́ Ajé. Eré mẹ́fà tẹ̀ lé ara wọn pẹ̀lú ikọ̀ kan náà! Ó ń sú àwọn òǹwòran, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń ṣàwárí, ohun tó dára ni. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ajubọ́ọ̀lù kò tíì mọ ọmọ náà. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ti mọ bọ́ọ̀lù tí kò lè gbá, òun náà sì ti rí àwọn kan nínú wọn ṣáájú. Bí ọmọ náà ṣe yí padà láàárín ọjọ́ méjèèjì ni mo máa ń wá. Mo ka èyí sí ju iye bọ́ọ̀lù tó gbá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kan, àbúrò kan tó wà ní FUTA, tó máa ń wá wo eré lọ́dọ̀ mi, rí i tí mò ń dá ibì kan padà lórí fóònù léraléra, tí mo ń fi ìka fà á síwájú díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wò gan-an? Bọ́ọ̀lù náà ti lọ.” Mo ní kó má wo bọ́ọ̀lù, kó wo bàtà ọmọ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Asáré kan wà ní bésì kìíní, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ sí shortstop, oníbésì kejì sì ní láti sá dé orí bésì rẹ̀, kó kojú sí shortstop, kó gba bọ́ọ̀lù, kó fi ẹsẹ̀ kan bésì, kó yí ara padà sí apá òsì, kó sì jù ú sí bésì kìíní, kí wọ́n lè yọ ènìyàn méjì kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, asáré ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, níbi tí ojú rẹ̀ kò ti lè rí i dáadáa nítorí pé bọ́ọ̀lù ló ń wò.

Ọmọ tí mò ń wò yẹn kò sá dé orí bésì pẹ̀lú gbogbo agbára. Ó sá gidi ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó gé ìgbésẹ̀ rẹ̀ kúrú, tó fi jẹ́ pé nígbà tí bọ́ọ̀lù dé, ara rẹ̀ ti dúró, eékún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà níwájú àyà. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kan etí bésì ní ìgbà tí bọ́ọ̀lù wọ inú ìbọ̀wọ́. Bọ́ọ̀lù náà kò sùn nínú ìbọ̀wọ́ rárá. Bí ó ṣe kàn án ni ó ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀, ó sì jù ú láti ẹ̀gbẹ́ etí láìgbé ọwọ́ lọ sẹ́yìn jìnnà. Ohun tí mo fẹ́ kí àbúrò mi rí ni pé apá ọmọ náà kò le. Àwọn olùṣàwárí a máa fún ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 20 sí 80, tí 50 sì dúró fún eléré gbogboogbò nínú líìgì àgbà. Bí wọ́n bá ní kí n fún apá yẹn ní máàkì, kò lè kọjá 45. Síbẹ̀ bọ́ọ̀lù dé ṣáájú asáré, nítorí pé ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ti san gbèsè tí apá jẹ. Ọmọ mìíràn tí apá rẹ̀ jẹ́ 60 lè ṣe ohun kan náà kí bọ́ọ̀lù má tètè dé, nítorí pé ó sáré kọjá bésì, ó sì ní láti tún ara rẹ̀ gbé kí ó tó jù ú.

Òfin ti dáàbò bo àwọn ọmọ wọ̀nyí ju tàtijọ́ lọ. Ní oṣù kẹwàá 2015, Chase Utley ti Dodgers já lu Ruben Tejada ti Mets lórí bésì kejì, egungun ẹsẹ̀ Tejada sì ṣẹ́. Ní 2016 ni wọ́n ṣe òfin pé asáré gbọ́dọ̀ yọ̀ lọ sí orí bésì ní ọ̀nà tó tọ́, kò sì gbọdọ̀ yà lọ bá ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Inú mi dùn sí òfin náà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùṣàwárí mọ̀ pé ìgboyà lórí bésì kò fi bẹ́ẹ̀ ya eléré kan sọ́tọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ó ṣe yára tó ni nǹkan.

Àyípadà tó ga jù lọ dé ní 2023. Ṣáájú ìgbà náà, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì gbá bọ́ọ̀lù bá dé, ẹgbẹ́ a máa kó eléré mẹ́ta jọ sí apá ọ̀tún pápá, oníbésì kejì a sì máa lọ dúró lórí koríko lẹ́yìn lọ́hùn-ún, níbi tí àyè pọ̀ fún un láti rí bọ́ọ̀lù dáadáa kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìṣirò kọ̀ǹpútà ló ń sọ ibi tí yóò dúró. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo lè fi ìyẹn bò ó mọ́lẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù líle ṣùgbọ́n tí wọn kò yára síbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dán òfin tuntun wò ní Double-A ní 2021, kí ó tó dé líìgì àgbà: eléré méjì gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bésì kejì, ẹsẹ̀ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì gbọdọ̀ wà lórí koríko ẹ̀yìn mọ́. Láti ìgbà náà, oníbésì kejì nìkan ló ni gbogbo àyè tó wà láàárín òun àti àárín pápá. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá gba ẹ̀gbẹ́ ajubọ́ọ̀lù kọjá, tí ẹnì kan ì bá ti dúró dè tẹ́lẹ̀, òun ni yóò sá lé e báyìí, yóò na ìbọ̀wọ́ sí apá ọ̀tún ara rẹ̀, yóò sì jù ú nígbà tí ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣì ń lọ sí òdìkejì ibi tó fẹ́ jù ú sí.

Ọdún kan náà ni wọ́n fẹ bésì sí i, láti íńṣì 15 sí 18, tí àárín bésì kìíní àti ìkejì sì fi íńṣì mẹ́rin àti ààbọ̀ dín kù. Wọ́n tún dín iye ìgbà tí ajubọ́ọ̀lù lè yí padà láti dẹ́rù ba asáré kù. Bésì tí wọ́n jí gbé, ìyẹn èyí tí asáré sá dé láìjẹ́ pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, nínú líìgì àgbà fò láti 2,486 ní 2022 sí 3,503 ní 2023. Ta ni bọ́ọ̀lù ahánbọ́ọ̀lù, ẹni tó ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó di ọ̀pá mú, ń lọ bá nígbà tí asáré bá ń jí bésì kejì? Bí ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá bá wà níwájú, oníbésì kejì ni ó sábà máa ń jẹ́. Nítorí náà, bí mo bá ń wo ọmọ kan lónìí, mo máa ń wo bó ṣe ń dé orí bésì yẹn, bóyá ó ń dúró de bọ́ọ̀lù kí ó wá bá òun tàbí ó ń na ọwọ́ lọ pàdé rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá na ọwọ́ lọ pàdé rẹ̀ tún ní láti fà á padà wá kan asáré. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ìròyìn nípa àwọn ọ̀dọ́ oníbésì kejì ṣì ń kọ nípa ẹsẹ̀ wọn bí ẹni pé 2019 ni a wà.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ nìkan kò lè gbé ẹnikẹ́ni dé òkè ní ipò yìí, ìtàn Gift Ngoepe sì wà láti jẹ́rìí. Ọmọ South Africa ni, Pittsburgh Pirates gbà á ní 2008, ó sì lo bí ọdún mẹ́jọ nínú líìgì kékeré kí ó tó di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Áfíríkà tó ṣeré nínú líìgì àgbà, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 2017. Ìgbà àkọ́kọ́ tó di ọ̀pá mú, níwájú ajubọ́ọ̀lù Jon Lester, ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, ó sì dé bésì kìíní. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kò ní àbùkù, yálà ní bésì kejì tàbí ní shortstop. Òun ló mú kí wọ́n pa á mọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá ni kò gbà fún un, nítorí pé bọ́ọ̀lù ń kọjá lára rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ní ilẹ̀ yìí ń fi ọkàn ṣe ti eléré tó bá jẹ́ ọmọ Áfíríkà, èmi náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ ṣàyẹ̀wò tòótọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ pé bésì kejì kì í dúró de ẹni tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù. Shortstop tí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ dára gan-an lè rí iṣẹ́ láìgbá bọ́ọ̀lù púpọ̀. Oníbésì kejì kì í sábà rí i.

Ibi tí èmi àti ọ̀pọ̀ olùṣàwárí ti yàtọ̀ ni ohun tí a ń wò lára ẹni tó ń gbá. Wọ́n ń wo bó ṣe ń fì ọ̀pá náà. Èmi ń wo bọ́ọ̀lù tí ó fi sílẹ̀ tí kò gbá. Ajubọ́ọ̀lù Single-A lè ju bọ́ọ̀lù yíyára dáadáa, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó ń yí, tó ń já sílẹ̀ lójijì, kì í lè darí rẹ̀ síbi tó fẹ́. Ọmọ tó bá ń gbá gbogbo ohun tó bá rí lè máa rí èrè níbẹ̀. Nígbà tó bá dé Double-A, àwọn ajubọ́ọ̀lù ibẹ̀ á fi bọ́ọ̀lù tó jọ pé ó dára hàn án, èyí tí yóò jáde kúrò ní àyè tó tọ́ nígbà tí ọ̀pá bá ti gbéra, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ orúkọ ńlá ti ń dákẹ́. Nítorí náà, bí ọmọ ogún ọdún bá wà ní High-A, tí ó sì fi bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ méjì sílẹ̀ lẹ́yìn tí ajubọ́ọ̀lù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ọ́ kúrò, mo máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kódà bí kò bá gbá nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kí ọ̀pá sáà ti kan bọ́ọ̀lù ti tó. Nick Madrigal, tí White Sox mú ṣe ẹni kẹrin ní gbogbo ètò ìyàn ọdún 2018, lo odindi sáà 2019 ní ipele mẹ́ta líìgì kékeré, ìgbà 16 péré sì ni wọ́n fi strikeout yọ ọ́, ìyẹn kí ajubọ́ọ̀lù fi bọ́ọ̀lù dáadáa mẹ́ta borí ẹni tó di ọ̀pá mú. Ohun tó yani lẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í le, kì í sì í fò jìnnà, nígbà tó sì fi dé òkè, àwọn tó wà lórí pápá sún mọ́ ọn, wọ́n sì ń mú un. Luis Arraez, ọmọ Venezuela, jọ ọ́ lójú ẹni tí kò bá wò ó dáadáa, nítorí pé òun náà kì í gbá home run púpọ̀. Ìyàtọ̀ ni pé Arraez mọ bí yóò ṣe fi bọ́ọ̀lù sí àlàfo láàárín àwọn eléré, ó sì gba ipò kìíní nínú gbígbá bọ́ọ̀lù lọ́dún mẹ́ta léra wọn, 2022, 2023 àti 2024, pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Síbẹ̀, òun gan-an ni àpẹẹrẹ mi lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀: bí ọ̀pá rẹ̀ ti dára tó nì, ní 2025, bésì kìíní ni wọ́n sábà ń gbé e lọ, nítorí pé kò bo àyè tí bésì kejì ń béèrè dáadáa.

Nípa gíga, mo rò pé ìjà náà ti parí. José Altuve kò ga ju mítà 1.68 lọ. Nígbà tó lọ sí ibi ìdánwò àwọn Astros ní Maracay ní Venezuela, wọ́n ní kó máa lọ sílé nítorí pé ó kúrú jù. Ó padà wá ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì gbà á ní 2007 pẹ̀lú nǹkan bíi 15,000 dọ́là. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ó gba ẹ̀bùn eléré tó dára jù lọ ní American League, ọ̀kan nínú apá méjì tí líìgì àgbà pín sí. Pedroia, tí òun náà kúrú, ti gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ní 2008. Ohun tí àwọn méjèèjì ní ni ọwọ́ tó yára lórí ọ̀pá àti ojú tó tètè rí bọ́ọ̀lù.

Ní ti nọ́ńbà, ìwọ̀nba ni mo máa ń fi sí i, mo sì máa ń béèrè ibi tí ó ti wá. Albuquerque, ìlú kan tí ikọ̀ Triple-A wà, ga ní nǹkan bíi mítà 1,600 sókè òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, bọ́ọ̀lù sì ń fò jìnnà níbẹ̀. Reno náà ga. Oníbésì kejì tó bá gbá home run ogún níbẹ̀ kò tíì fi hàn mí pé òun lágbára. Mo máa ń béèrè ọjọ́ orí pẹ̀lú, nítorí pé ọmọ ogún ọdún tó ń ṣe déédéé ní Double-A sàn lójú mi ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tó ń ṣe dáadáa níbẹ̀ lọ. Aago sì tún wà: láti ìgbà tí ọ̀pá bá kan bọ́ọ̀lù títí ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá fi máa dé bésì kìíní, ìṣẹ́jú àáyá 4.3 ni ti gbogboogbò, ti olówó òsì sì jẹ́ 4.2 nítorí pé ó súnmọ́ bésì jù. Ẹnikẹ́ni lè fi fóònù rẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Sùúrù náà wà nínú iṣẹ́ yìí. Jackson Holliday ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn ní 2022, shortstop ni. Ó gba ipele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin líìgì kékeré kọjá ní 2023 nìkan, Baltimore sì gbé e wá sí òkè ní oṣù kẹrin 2024 láti ṣọ́ bésì kejì, nítorí pé Gunnar Henderson ti wà ní shortstop. Bọ́ọ̀lù 2 péré ni ó gbá dáadáa nínú ìgbà 34, wọ́n sì dá a padà sí Norfolk, ikọ̀ Triple-A wọn. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọ́n ti gbóríyìn fún un jù. Mo wo àwọn eré rẹ̀ ní Norfolk lẹ́yìn náà, ohun tí mo sì rí ni ọmọ ogún ọdún tí ojú rẹ̀ kò tíì yí padà: ó ṣì ń fi bọ́ọ̀lù búburú sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún kan náà ni ó padà dé, ó sì gbá home run tó kó ènìyàn mẹ́rin wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní 2024 yẹn náà ni Cleveland fi ìyàn àkọ́kọ́ mú Travis Bazzana, ọmọ Australia tó wá láti yunifásítì Oregon State. Kò sí oníbésì kejì kankan tí wọ́n ti yàn ṣe ẹni kìíní rí, kò sì sí ọmọ Australia kankan. Mo ka ìpinnu yẹn sí ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ tó ṣẹlẹ̀ sí ipò yìí láti ìgbà tí òfin 2023 ti dé, nítorí pé ẹgbẹ́ kan dúró níwájú gbogbo àwọn shortstop àti ajubọ́ọ̀lù tó wà nílẹ̀, ó sì sọ pé oníbésì kejì ni òun fẹ́. Ojú rẹ̀ lórí ọ̀pá ni wọ́n rà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní yunifásítì ó ti mọ bọ́ọ̀lù tí yóò fi sílẹ̀. Lójú tèmi, ibi tó kù láti wò dáadáa ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ sí apá ọ̀tún, níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ajubọ́ọ̀lù kọjá, àti bí ó ṣe ń gé ìgbésẹ̀ rẹ̀ kúrú kí ó tó dé orí bésì. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo oníbésì kejì lè fi tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀: kí ó fi ojú sí bàtà rẹ̀ fún gbogbo ọ̀sẹ̀ kan, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di ọjọ́ Àìkú, kí ó tó yẹ iye bọ́ọ̀lù tó gbá wò.